Àtùpà ni, kò tíì di oògùn: lẹ́tà lórí mẹ́táàlì tí ń tàn nínú sẹ́ẹ̀lì

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí ojú ewé ìlera tí ẹ ń tẹ̀ jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìròyìn kan tí ó jáde níbẹ̀ láìpẹ́ yìí ni ó mú mi gbé gègé. Ọkùnrin kan ní àdúgbò wa kan ilẹ̀kùn mi ní kùtùkùtù ọjọ́ Àìkú, ó ká ìwé ìròyìn yín mọ́ abíyá. Ó ti lé ní ọdún kan tí ìyàwó rẹ̀ ti ń gba ìtọ́jú nítorí jẹjẹrẹ ọyàn, ó sì ti kà á lójú ewé yín pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti rí mẹ́táàlì kan tí ó máa ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ lọ, tí ó ń rọ̀ mọ́ DNA rẹ̀, ìyẹn okùn tí ìlànà iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì wà lára rẹ̀, tí ó sì ń tàn bí iná. Akọlé tí ẹ fún ìròyìn náà pè é ní oògùn tuntun. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó bi mí: “Bàbá, níbo ni wọ́n ti ń tà á?”

Ó mọ̀ pé mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí kò mọ̀ ni pé irú nǹkan tí ìròyìn yín ń sọ yìí gan-an ni mo fi bí ogún ọdún ṣe pẹ̀lú ọwọ́ ara mi nínú láàbù. Mo fi í jókòó, mo ṣàlàyé fún un títí oòrùn fi gun òkè, ìgbà tí ó sì lọ tán ni mo rí i pé kò yẹ kí àlàyé náà mọ sí yàrá ìgbàlejò mi. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: àtùpà tí a fi ń wo inú sẹ́ẹ̀lì ni ohun tí ẹ kọ ìròyìn nípa rẹ̀, títàn tí ó sì ń tàn kò sọ ọ́ di oògùn.

N kò sọ pé ẹ purọ́. Mẹ́táàlì ni lóòótọ́, ó ń rọ̀ mọ́ DNA lóòótọ́, ó sì ń tàn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe irú mẹ́táàlì tí a fi ń ṣe ṣíbí tàbí ìkòkò. Átọ̀mù kan ṣoṣo ni, tí àwọn mólékù mìíràn yí ká, tí wọ́n sì dì mú ṣinṣin. Àwọn kan a máa pè é ní àdàpọ̀ mẹ́táàlì, ọ̀rọ̀ náà kò sì tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé gààrí àti ṣúgà ni a ń pè ní àdàpọ̀, èyí tí èèyàn lè fi ojú díwọ̀n bí ó ti wù ú. Èyí ní iye, ó sì ní ètò. Ìdìpọ̀ ni èmi máa ń pè é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Ẹ wo ààrò mẹ́ta tí àwọn ìyá wa fi ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ ró. Nínú ìdìpọ̀ tí ó lókìkí jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, átọ̀mù rùtẹ́níọ̀mù ni ìkòkò, mólékù mẹ́ta tí à ń pè ní bipyridine sì ni ààrò. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn na ọwọ́ náítírójìn méjì sí i, ó di ọwọ́ mẹ́fà tí ó gbá a mú. Ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, ìdìpọ̀ yìí náà kì í sì í tètè tú: a lè yọ́ ọ sínú omi kí a sì fi sílẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ láìjẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọwọ́ náà já.

Karl Klaus ni ó rí rùtẹ́níọ̀mù ní ìlú Kazan ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní 1844, orúkọ Rọ́ṣíà ní èdè Látìnì ni ó sì fi sọ ọ́. Lónìí, ìhà gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni èyí tí ó pọ̀ jù ti ń jáde, láti inú àwọn ibi ìwakùsà plátínọ̀mù ti South Africa. Ọdún 1936 ni onímọ̀ kẹ́mísìrì kan, Burstall, ṣe ìdìpọ̀ alààrò mẹ́ta yìí, ṣùgbọ́n ó di 1959 kí àwọn onímọ̀ méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ Paris àti Brandt tó kọ ọ́ sílẹ̀ fún aráyé pé ó máa ń tàn. Bí a bá tan iná búlúù sí i, èyí tí ìgùn ìgbì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí nánómítà 450 (nánómítà kan jẹ́ ìdá bílíọ̀nù kan mítà), yóò gba ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ra, yóò sì tú òmíràn jáde tí ó pupa bí ẹ̀yin iná, tí ìgùn ìgbì tirẹ̀ ti ju nánómítà 600 lọ. Ẹni tí ó bá ti rí akọ̀wé báńkì níbi tí ó ti ń fi owó náírà sábẹ́ iná aláwọ̀ àlùkò kí ó lè mọ ayédèrú yàtọ̀ sí ojúlówó ti rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ rí: ìmọ́lẹ̀ kan wọlé, ìmọ́lẹ̀ mìíràn jáde. Kò dà bí ti tanátaná tí ó ń fi ohun tí ó wà nínú ara rẹ̀ dáná fúnra rẹ̀. Bí a kò bá tan iná sí ìdìpọ̀ yìí, kò ní tàn.

Mo fẹ́ kí ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn, nítorí pé ìròyìn yín sọ pé mẹ́táàlì náà “ń tàn nínú ara aláìsàn”. Iná búlúù kì í wọ ẹran ara ju nǹkan bíi mìlímítà kan sí méjì lọ. Inú àwo kékeré, lábẹ́ máíkírósíkóòpù, ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tàn náà wà. Kò sí aláìsàn kankan nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ó kan bí ó ṣe ń rọ̀ mọ́ DNA. Láti 1953, nígbà tí Watson àti Crick ṣàlàyé ìrísí rẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwòrán ìtànṣán X tí Rosalind Franklin àti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yà, ni a ti mọ̀ pé DNA dà bí àkàbà tí a dì mú lókè àti nísàlẹ̀ tí a sì lọ́. Ìgbésẹ̀ àkàbà náà jìnnà sí ara wọn ní nánómítà 0.34, wọ́n sì pẹlẹbẹ. Ìyá mi àgbà a máa fi owó pamọ́ sáàárín àwọn aṣọ òfì tí ó ká lé ara wọn nínú àpótí. Bí ó bá ti ki owó bọ ibẹ̀, aṣọ a wú sókè díẹ̀, ẹni tí ó bá sì mọ àpótí náà dáadáa a mọ̀ pé nǹkan ti wọ ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mólékù tí ó bá pẹlẹbẹ ṣe máa ń yọ́ wọ àárín ìgbésẹ̀ méjì, tí àkàbà náà a gùn sí i díẹ̀, tí lílọ́ rẹ̀ a sì dẹ̀. Leonard Lerman ni ó kọ́kọ́ dá a lábàá ní 1961 pé bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyí, láti ara àwọn aró tí ó ń po mọ́ DNA.

Mo mẹ́nu ba aró. Kí mẹ́táàlì tó dé, aró ni a fi ń wo DNA, méjì tí ó lókìkí jù nínú wọn sì wá láti inú ọ̀ràn tí ó kan ilẹ̀ wa gbọ̀ngbọ̀n, ìyẹn àrùn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Èyí tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní ethidium ni àwọn dókítà ẹran mọ̀ sí homidium, wọ́n sì ti ń gún un fún màlúù ní Áfíríkà láti àwọn ọdún 1950 wá nítorí irú àrùn náà tí ń ṣe ẹran ọ̀sìn. Èkejì, DAPI, láàbù Otto Dann ní Jámánì ni wọ́n ti ṣe é ní 1971, níbi tí wọ́n ti ń wá oògùn fún àrùn kan náà. Kò di oògùn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń rọ̀ mọ́ DNA tí ó sì ń tàn búlúù, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí láàbù tí ń wo sẹ́ẹ̀lì lágbàáyé lónìí tí kò ní in. Ẹ ò rí i pé àtùpà lè jáde láti inú oògùn tí kò jẹ́. Ìròyìn yín dojú ọ̀nà náà kọ ibòmíràn, ó rí àtùpà, ó pè é ní oògùn tí ó ti jẹ́.

Àléébù ethidium ni pé ó máa ń tàn díẹ̀ nínú omi kí ó tó kan DNA rárá, ẹni tí ó ń wò ó kì í sì í mọ èwo ló wà níbi tí ó yẹ àti èwo ló kàn ń rìn gbéregbère. Ní 1990, Jacqueline Barton, tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Caltech ní Kalifọ́níà, pẹ̀lú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, lára wọn ni Nicholas Turro ti Yunifásítì Columbia àti Jean-Pierre Sauvage ti Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2016 nítorí iṣẹ́ mìíràn, gbé ìròyìn ìdìpọ̀ kan jáde tí ó yàtọ̀ gédégédé. Wọ́n yọ ọ̀kan nínú ààrò mẹ́ta náà, wọ́n sì fi mólékù gígùn pẹlẹbẹ kan tí à ń pè ní dppz rọ́pò rẹ̀. Nínú omi, ìdìpọ̀ yìí kò tàn. Bí a bá bu DNA sí i, ó tàn yòò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹni tí ó gbé fìtílà rìn nínú òjò ṣàpèjúwe rẹ̀. Níta gbangba, òjò a pa fìtílà náà bí ó ti ń tàn án. Àfi bí ó bá rí abẹ́ òrùlé yà sí ni iná náà tó lè dúró. Ní etí dppz, náítírójìn méjì wà tí ó kọjú síta, tí omi sì ń fà mọ́. Omi tí ó bá fà mọ́ wọn ni ó ń sọ agbára ìmọ́lẹ̀ náà di ooru lásán kí ó tó jáde. Ìgbà tí dppz bá yọ́ wọ àárín ìgbésẹ̀ méjì DNA, omi kò rí náítírójìn wọ̀nyẹn mọ́. Ó ti bọ́ sábẹ́ òrùlé.

Mo ṣe èyí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi rí, ọjọ́ náà kò sì kúrò lọ́kàn mi. Iná ọba ti lọ, láàbù ṣókùnkùn biribiri, tọ́ọ̀ṣì búlúù kékeré kan tí ó ń lo bátìrì ni mo mú dání. Ìgò méjì wà lórí tábìlì: omi àti ìdìpọ̀ nìkan ni ó wà nínú ọ̀kan, mo sì ti bu DNA tí wọ́n yọ láti ara ọmọ màlúù, èyí tí àwọn tí ń ta ohun èlò láàbù máa ń tà, sínú èkejì. Mo tan tọ́ọ̀ṣì. Ìgò kìíní dá dúró bí omi tí kò mọ nǹkan kan, èkejì pọ́n bí ẹyin ojú ológbò nínú òkùnkùn, ariwo sì sọ. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìgbà díẹ̀ tí n kò bínú sí àwọn tí ń pín iná mọ̀nàmọ́ná fún wa.

Síbẹ̀, ẹ kíyè sí i pé inú ìgò ni. Ó pẹ́ kí a tó fi ojú rí ibi tí fìtílà náà ń yà sí pàápàá: ó gbà tó ogún ọdún kí ẹgbẹ́ Barton àti ẹgbẹ́ Christine Cardin ní Reading ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tó fi ìtànṣán X hàn nínú kírísítálì bí àwọn ìdìpọ̀ tí ó ní dppz ṣe ń jókòó sáàárín àwọn ìgbésẹ̀ náà. Láti inú ìgò dé inú sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè jìnnà ju bí àwọn tí kò ṣe é rí ṣe rò lọ.

Sẹ́ẹ̀lì ní awọ, awọ náà ní ọ̀rá, kì í sì í gba àlejò wọlé ṣàkàṣàkà. Ìdìpọ̀ Barton àkọ́kọ́ nífẹ̀ẹ́ omi jù, ó sì ru agbára iná méjì, nítorí náà kò ráyè wọlé dáadáa. Ní 2007, Cynthia Puckett àti Barton fi hàn pé bí a bá fi èyí tí ó nífẹ̀ẹ́ ọ̀rá rọ́pò àwọn ààrò méjì tó kù, sẹ́ẹ̀lì a gbà á. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n lò ni HeLa, tí ó wá láti ara Henrietta Lacks, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ pa ní Baltimore ní 1951. Àwọn dókítà mú nínú kókó náà láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń dàgbà nínú àwo káàkiri ayé títí di òní. (N kì í lè dárúkọ sẹ́ẹ̀lì náà láìsọ ti ẹni tí ó ni ín.) Ìdìpọ̀ náà wọlé lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ibi tí ó pọ̀ sí kì í ṣe kóró àárín sẹ́ẹ̀lì, níbi tí DNA wà. Ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń tàn níbẹ̀, nítorí pé ọ̀rá àti purotéènì náà lè ṣe òrùlé fún un.

Nígbà tí ó di 2009, àwọn méjèèjì yìí kan náà gbé ohun kan jáde tí mo fi ń dẹ́rù ba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Wọ́n ti so irú okùn kan mọ́ ìdìpọ̀ náà kí ó lè ràn án lọ́wọ́ láti wọlé, wọ́n sì so aró mìíràn tí à ń pè ní fluorescein mọ́ ọn gẹ́gẹ́ bí àmì. Ó wọ kóró lọ. Wọ́n yọ aró náà, ó sì dúró síta. Àmì tí wọ́n fi sí i lára kí wọ́n lè mọ ibi tí ó ń lọ ni ó ń darí rẹ̀! Bí wọn kò bá ronú láti yọ ọ́ wò, àwòrán tí ó rẹwà ni wọn ìbá gbé jáde, ìtumọ̀ rẹ̀ ì bá sì wọ́.

Ọdún 2009 yẹn náà ni ẹgbẹ́ Jim Thomas ní Sheffield, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ohun tí ó mú inú mi dùn. Wọ́n so rùtẹ́níọ̀mù méjì pọ̀ mọ́ ara wọn pẹ̀lú afárá pẹlẹbẹ kan, ìdìpọ̀ yìí sì wọ kóró sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè, ó rọ̀ mọ́ DNA, ó sì tàn níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a máa yàtọ̀ bí ìrísí DNA tí ó rọ̀ mọ́ bá yàtọ̀. Nítorí pé mẹ́táàlì wúwo, máíkírósíkóòpù onímànàmáná, tí kì í lo ìmọ́lẹ̀ rárá, tún lè rí i. Iṣẹ́ ńlá ni. Àwọn tí ó ṣe é pè é ní ọ̀nà láti ya àwòrán DNA nínú sẹ́ẹ̀lì alààyè, bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́.

Kí nìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ “alààyè”? Sẹ́ẹ̀lì tí ó bá ti kú, tàbí tí awọ rẹ̀ ti ya, a ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Ohun tí kò lè wọlé tẹ́lẹ̀ a ya wọ kóró, a sì tàn ju ti ìgbàkígbà lọ. Aró kan tilẹ̀ wà, propidium iodide, ọmọ ìyá ethidium, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni láti fi òkú sẹ́ẹ̀lì hàn: kóró tí ó bá ti pọ́n, sẹ́ẹ̀lì náà ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, àwòrán kóró tí ó mọ́lẹ̀ yòò lè túmọ̀ sí pé ìdìpọ̀ náà mọ ọ̀nà wọlé, ó sì lè túmọ̀ sí pé òkú ni a ń wò. Àwòrán nìkan kò lè sọ èwo ni. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́.

Iṣẹ́ yìí kò mọ sórí rùtẹ́níọ̀mù. Irídíọ̀mù wà níbẹ̀, tí Smithson Tennant sọ ní orúkọ òṣùmàrè ní 1803 nítorí oríṣiríṣi àwọ̀ iyọ̀ rẹ̀, orúkọ náà sì rọ̀ mọ́ ọn títí dòní, nítorí pé bí a bá pààrọ̀ ààrò tí ó yí i ká, ó lè tàn búlúù, ewé, yẹ́lò tàbí pupa. Ọ̀pọ̀ ìdìpọ̀ rẹ̀ ni ó máa ń lọ sí mitokọ́ńdíríà, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń sọ oúnjẹ di agbára. Yùrópíọ̀mù náà wà, tí ó fún tẹlifíṣàn aláwọ̀ ayé àtijọ́ ní pupa rẹ̀. Ohun tí mẹ́táàlì fi ju aró lọ ni pípẹ́. Ìmọ́lẹ̀ aró a máa kú láàárín ìwọ̀nba ìdá bílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Ti rùtẹ́níọ̀mù a pẹ́ tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún rẹ̀, ti yùrópíọ̀mù a sì lè dé ìdá ẹgbẹ̀rún kan ìṣẹ́jú àáyá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ máa ń tàn díẹ̀ bí a bá tan iná sí i, ìmọ́lẹ̀ yẹn sì máa ń da ojú rú. Bí ẹni tí ó fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnì kan lọ́jà ṣe máa dúró kí ọjà tú, bẹ́ẹ̀ ni kámẹ́rà ṣe máa dúró kí ìmọ́lẹ̀ sẹ́ẹ̀lì kú tán kí ó tó la ojú.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ni mo tún fẹ́ bá yín sọ, Olóòtú, torí pé ẹ̀yin ni ẹ ń tẹ̀ ẹ́. Kámẹ́rà orí ọ̀pọ̀ máíkírósíkóòpù bẹ́ẹ̀ kò mọ àwọ̀. Dúdú àti funfun ni ó ń rí, kọ̀ǹpútà ni ó ń kun pupa tàbí ewé sí i lẹ́yìn náà gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ náà bá ti yàn án. Bí ó bá fi ojú kámẹ́rà sílẹ̀ pẹ́, àwòrán a mọ́lẹ̀ sí i. Kò sí ẹ̀tàn níbẹ̀, gbogbo ẹni tí ó wà nínú iṣẹ́ náà ni ó mọ̀. Òǹkàwé tí kò sí nínú rẹ̀ kò mọ̀, pupa tí ó sì rí lójú ewé yín, iná ni ó kà á sí.

Ǹjẹ́ mẹ́táàlì kò lè wo jẹjẹrẹ ni? Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ àwọn dókítà wa. Ní 1965, Barnett Rosenberg ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan ń fi iná mọ̀nàmọ́ná dán bakitéríà wò, ó rí i pé àwọn bakitéríà náà ń gùn láìpín, ó sì tọpasẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ plátínọ̀mù tí ó ń yọ́ láti ara ọ̀pá tí ó fi ń gbé iná wọlé. Láti ibẹ̀ ni cisplatin ti wá, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1978, tí a sì ń lò fún jẹjẹrẹ kórópọ̀n, ti ilé ẹyin obìnrin àti àwọn mìíràn. Ó ń dì mọ́ DNA tipátipá títí sẹ́ẹ̀lì kò fi ní lè pín mọ́. Ó ń da kíndìnrín láàmú, ó ń mú ni bì, ó sì lè ba etí jẹ́. Kì í tàn. Ẹ wá wò ó: mẹ́táàlì tí ó ti gba ẹ̀mí là lọ́wọ́ jẹjẹrẹ kì í tàn, àwọn tí ó ń tàn kò sì tíì gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀.

Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù tí mo mọ̀ ni ìdìpọ̀ rùtẹ́níọ̀mù kan tí Sherri McFarland àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, TLD-1433, tí wọ́n ti ń dán wò lára àwọn tí ó ní jẹjẹrẹ àpò ìtọ̀ ní Kánádà. Wọ́n máa ń fi ọ̀pá wẹ́wẹ́ kan dà á sínú àpò ìtọ̀, wọ́n á sì fi iná aláwọ̀ ewé tàn án láti inú. Ìmọ́lẹ̀ tí ó gbà ni ó ń fà fún ọ́síjìn tí ó wà nítòsí, tí ọ́síjìn náà a wá di oníjàgídíjàgan tí ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Àpò ìtọ̀ ni wọ́n yàn nítorí pé ibẹ̀ ni a lè gbé iná dé. Bí ó bá jẹ́ pé títàn nìkan ti tó, kí ni wọn ì bá tún máa fi ọ̀pá gbé iná wọlé ṣe?

Ẹ̀bi ìròyìn náà kì í ṣe tiyín nìkan, mo sì ní láti jẹ́wọ́. Nínú àwọn ìwé ìwádìí tí èmi fúnra mi kọ, mo máa ń fi gbólóhùn kan parí rẹ̀ pé ìdìpọ̀ tí mo ṣe “lè wúlò fún ìwòsàn jẹjẹrẹ”, bẹ́ẹ̀ DNA ọmọ màlúù inú ìgò ni gbogbo ohun tí mo fi dán an wò. Gbogbo wa ni a ń kọ ọ́. Ẹni tí ń wá ìgbéga mọ̀ pé orúkọ jẹjẹrẹ máa ń jẹ́ kí a tètè ka ìwé rẹ̀. A gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan láti lo sẹ́ẹ̀lì gidi ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́: a rà á, a tọ́ ọ, iná lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, epo jẹnẹrétọ̀ tán, ìgbà tí a sì ṣí àpótí ìtọ́jú rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti kú. Mo padà sídìí ìgò mi, mo sì ń kọ gbólóhùn ìkẹyìn yẹn lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi. Bí akọ̀ròyìn kan bá ka gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tí ó sì fi ṣe akọlé, ta ni mo fẹ́ dá lẹ́bi?

Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹ tún ìròyìn náà ṣe ní ojú ewé kan náà tí ó ti jáde, kì í ṣe ní ìsàlẹ̀ ojú ewé eré ìdárayá. Nígbà mìíràn tí irú rẹ̀ bá sì dé ọwọ́ yín, ẹ bi ẹni tí ó kọ ọ́ bóyá inú ìgò ni wọ́n ti ṣe é, tàbí inú sẹ́ẹ̀lì inú àwo, tàbí lára eku, tàbí lára ènìyàn, kí ẹ sì kọ ìdáhùn náà sí gbólóhùn kìíní, níbi tí aláìsàn yóò ti rí i kí ó tó wọ mọ́tò. Kò ní ba adùn ìròyìn náà jẹ́. Fìtílà tí ó kọ̀ láti tàn àfi bí ó bá bọ́ sábẹ́ òrùlé DNA dùn gbọ́ fúnra rẹ̀.

Ọkùnrin tí mo sọ yẹn gba àlàyé mi. Mo ní kí ó padà sọ́dọ̀ àwọn dókítà tí ń tọ́jú ìyàwó rẹ̀, kí ó béèrè ohun tí ó kù nínú ìtọ́jú tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí ó má sì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá sọ pé òun ń ta omi mẹ́táàlì ní kọ́bọ̀. Ó dúpẹ́, ó dìde, ó fi ìwé ìròyìn yín sílẹ̀ lórí tábìlì mi. Ó ṣì wà níwájú mi bí mo ti ń kọ lẹ́tà yìí. Àwòrán sẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ni ó wà lójú ewé náà, kóró wọn pupa fòò, wọ́n sì rẹwà. Kò sí ibi tí a kọ ọ́ sí lábẹ́ wọn bóyá wọ́n wà láàyè nígbà tí a ya wọ́n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Olùkọ́ kẹ́mísìrì tí ó ti fẹ̀yìn tì,
Ìbàdàn.